Ìkẹyìn Ooru Inú Ọ̀pá: Àlàyé lórí Ìdọ́gba Ooru Tó Ní Pọ̀tẹ́ńṣíà

Nínú iṣẹ́ yìí, a lo ọ̀pá irin tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 1, tí a mú kí ìgbóná orí rẹ̀ méjèèjì wà ní òdo. Ooru inú rẹ̀ yóò tán bó pẹ́ bó yá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá náà bá ń dá ooru kún èyí tó wà nínú rẹ̀, ìdọ́gba náà di uₜ = uₓₓ + cu; c ni pọ̀tẹ́ńṣíà. Orí méjèèjì ń fa ooru jáde, ó kéré tán ní ìwọ̀n π², nǹkan bíi 9.87. Bí c bá jẹ́ 9, ooru á kú. Bí ó bá jẹ́ 10, á máa ru sókè. Ibi yòówù kí a ti kọ́kọ́ mú ọ̀pá gbóná, ìrísí sin πx ló ń gbà nígbẹ̀yìn. A dábàá kí àwa olùkọ́ni máa kọ́kọ́ béèrè pé: èwo ló jù, c tàbí π²?