Alántakùn Oníwo Ilẹ̀ Àǹgólà: Bí Ẹ̀dá Ṣe Ń Di Tuntun Nínú Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ń to ẹ̀dá ní ìran-ní-ìran mu, nítorí a kì í pe ẹ̀dá kan ní tuntun láìjẹ́ pé a ti yẹ àwọn ìbátan rẹ̀ wò fínnífínní. Alántakùn kan láti ilẹ̀ ọ̀dàn Àǹgólà ni àpẹẹrẹ tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀wò.

Ibùgbé àti ìrísí rẹ̀

Láàárín ọdún 2015 sí 2016, àwọn olùwádìí ètò National Geographic Okavango Wilderness Project kó àwọn abo alántakùn kan ní gúúsù-ìlà-oòrùn Àǹgólà. Inú igbó ọ̀dàn tí a mọ̀ sí miombo, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ iyanrìn, ni wọ́n ń gbé. Ihò wọn jìn tó 40 sẹ̀ǹtímítà, ó sì já sí yàrá kan nísàlẹ̀. Ohunkóhun tí a bá tì bọ ihò náà ni wọ́n máa ń gbéjà kò.

Ìwo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó yà á sọ́tọ̀. Àwọn ẹ̀yà kan nínú ìran Ceratogyrus, tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ní ìhà gúúsù Áfíríkà, ní ìwo pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìwo tiwọn le. Ti èyí gùn, ó rọ̀, ó sì nà sẹ́yìn sórí ikùn rẹ̀. Àfiwé yìí ni ẹ̀rí pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni.

Orúkọ méjì

Ní ọdún 2019, John Midgley àti Ian Engelbrecht ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú jọ́nà African Invertebrates, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ceratogyrus attonitifer. Láti inú èdè Látìn ni wọ́n ti fa attonitifer yọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni 'èyí tí ó ru ìyàlẹ́nu'.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dá náà ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀. Chandachuly ni àwọn ará agbègbè náà ń pè é. Àwọn ni wọ́n ṣàlàyé pé kòkòrò ni oúnjẹ rẹ̀ jù lọ, àti pé ihò tó ti wà nílẹ̀ ni abo rẹ̀ máa ń gbẹ́ fẹ̀ sí i. Wọ́n tún sọ pé oró rẹ̀ kì í pa ènìyàn. Bí a bá gbọ́ pé ó ṣekú pa ẹnìkan, ojú ibi tí ó ti bù ú jẹ ni ó kẹ̀, tí kò sì sí ìtọ́jú ìṣègùn tó péye nítòsí.

Ìkádìí

'Tuntun' nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò túmọ̀ sí pé ojú ènìyàn kò rí nǹkan náà rí. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé a ti fi wé àwọn ìbátan rẹ̀, a ti ṣàpèjúwe rẹ̀, a sì ti fún un ní orúkọ tí gbogbo ayé lè fi dá a mọ̀. Láìsí irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ó ṣòro láti ka ẹ̀dá mọ́ èyí tí ó yẹ kí a dáàbò bò. Bákan náà, bí a kò bá bi onílẹ̀ léèrè, alántakùn ni a ó máa dá lẹ́bi ikú tí àìsí ilé ìwòsàn fà.