Èèkàn ló ń mú ìlù Bìní dún

Ema ni àwọn Ẹ̀dó ti Bìní ń pe ìlù. Oríṣiríṣi ló wà, ṣùgbọ́n èyí tó ní èèkàn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹni tó bá ti rí gbẹ̀du tàbí ìgbìn rí yóò dá a mọ̀: igi kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, awọ lójú, èèkàn yí ọrùn ká. Kò ní ọsán bíi dùndún.

Igi ọ̀mọ̀ dára fún un, nítorí ó fúyẹ́, kì í sì í le láti gbẹ́. Nígbà tó bá ṣì tutù ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, wọn á wá gbé e sí ibòji kó gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bí oòrùn bá pa á lójijì, yóò là.

Wọ́n á fá irun awọ ewúrẹ́ tàbí ẹtu, wọn á rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, wọn á nà án bo ẹnu igi. Ọgbọ́n wà nínú ihò tí wọ́n ń lu fún èèkàn. Kò gbọdọ̀ wọlé tààrà. Ó gbọ́dọ̀ dagun sísàlẹ̀, kí orí èèkàn yọ síta, kí ìdí rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Nígbà tí òòlù bá bà á, tó wọlé sí i, awọ tí èèkàn gún mọ́ra á bá a lọ sísàlẹ̀, ojú ìlù á le, ohùn á ròkè. Bí awọ náà ti ń gbẹ ló ń sún kì, tó sì tún ń le sí i.

Ìlù mìíràn náà ń lo ọgbọ́n tó jọ èyí: lára tabla, ìlù àwọn ará Íńdíà, igi róbótó ni wọ́n ń ki sábẹ́ ọsán awọ. Bí wọ́n bá lù ú wálẹ̀, ohùn náà á ròkè.

Òjò pọ̀ ní Bìní. Awọ máa ń fa ọ̀rinrin mu, á dẹ̀, ohùn á sì wọlẹ̀. Onílù á yá a lóòrùn tàbí nídìí iná, tàbí kó tún èèkàn lù.

Iṣẹ́ onílù ti pẹ́ níbẹ̀. Àwọn Ogbelaka ni olórin àti onílù ọba, àdúgbò wọn ṣì wà nínú ìlú. Àwòrán onílù wà lára àwọn pátákó idẹ ààfin tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897.

Bí awọ bá ya, wọn kì í ju igi nù. Wọ́n á yọ èèkàn, wọn á fi awọ mìíràn bò ó, wọn á sì tún èèkàn náà kì bọ ihò rẹ̀.