Ẹyẹ Kékeré Tí Ń Mu Omi Òdòdó: Ẹ Jẹ́ Kó Wọ Ọgbà Yín

Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn kékeré kan bẹ̀rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ti fi òkúta sínú rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ. Ẹyẹ kékeré kan tí ara rẹ̀ ń dán ló fẹ́ ta.

— Má ta á! Sọ rọ́bà yẹn sílẹ̀.

— Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ kí n pa á. Mo fẹ́ sun ún jẹ ni.

— Ẹran wo ló wà lára rẹ̀? Kò tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ. Wá jókòó síbí, kí o wo ohun tó ń ṣe.

Ọmọ náà jókòó. Ẹyẹ náà ki ẹnu bọ inú òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fò lọ sórí ẹ̀fọ́. Ó ṣa kòkòrò kan lábẹ́ ewé, ó sì gbé e lọ.

— Ìyá àgbà, ó gbé kòkòrò lọ!

— Ó ń gbé e lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ń bá mi ṣa kòkòrò inú ọgbà, kò sì gba owó lọ́wọ́ mi. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni o fẹ́ pa?

Ọmọ náà ká rọ́bà rẹ̀ sápò.

IRÚ ẸYẸ WO NI?

Gbogbo wa la mọ ẹyẹ yìí. Ẹnu rẹ̀ gùn, ó tín-ín-rín, ó sì tẹ̀ kọrọdọ sísàlẹ̀. Ara akọ máa ń dán nínú oòrùn: àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, tàbí pupa láyà. Ara abo kì í sábà dán bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ lè yàtọ̀ láti Kétu sí Ṣábẹ àti sí Àjàṣẹ́. Ẹ máa pè é bí ẹ ṣe ń pè é nílé. Nínú ìwé yìí, a ó pè é ní ẹyẹ olódòdó.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹyẹ mìíràn wà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Oríṣi rẹ̀ lé ní 300. Ní Brasil, níbi tí àwọn bàbá ńlá ọ̀pọ̀ ìdílé Àjàṣẹ́ ti padà wá, wọ́n ń pè é ní beija-flor. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tó ń fẹnu ko òdòdó lẹ́nu. Ẹyẹ tiwọn lè dúró lójú òfurufú bí ó ti ń mu omi òdòdó. Tiwa sábà máa ń bà lé ẹ̀ka kó tó mu. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Oúnjẹ wọn ló jọra.

IṢẸ́ WO LÓ Ń ṢE FÚN WA?

Iṣẹ́ méjì ni.

Èkíní: ó ń jẹ kòkòrò wẹ́wẹ́ àti aláǹtakùn. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn omi dídùn inú òdòdó, ṣùgbọ́n kòkòrò ló fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀ kí ó lè dàgbà.

Èkejì: bó bá ki orí bọ inú òdòdó, lẹ́búlẹ́bú òdòdó a lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Yóò gbé e lọ sí òdòdó mìíràn tó jẹ́ irú kan náà. Báyìí ni ọ̀pọ̀ igi ṣe ń so. Oyin náà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ibi tí a bá tọ́jú fún ẹyẹ olódòdó, oyin náà yóò wá.

A kò sọ pé ẹyẹ yìí lè pa gbogbo kòkòrò inú ọgbà tán o. Olùrànlọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kì í lé olùrànlọ́wọ́ kúrò nínú oko.

BÍ A ṢE LÈ PÈ É WÁ

1. Ẹ gbin òdòdó sí ọgbà. Ẹ gé ẹ̀ka akòko, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òpó ọgbà. Yóò hù, yóò sì yọ òdòdó. Ológun-ṣéṣé náà dára. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni, òdòdó rẹ̀ pupa, ewúrẹ́ kò sì lè ráyè kọjá láàárín rẹ̀ bí a bá gbìn ín súnmọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé: hóró rẹ̀ pupa, ó dùn-ún wò, májèlé sì ni. Òrúrù náà ń pe ẹyẹ, àmọ́ igi ńlá ni. Ẹ̀ka rẹ̀ kì í pẹ́ ṣẹ́. Ẹ gbìn ín jìnnà sí ilé.

2. Ẹ má yára gé òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹyẹ mu nínú rẹ̀ títí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò fi yọ ọmọ tán.

3. Ẹ gbé omi kalẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwo amọ̀ tí kò jìn ló dára. Ẹ fi òkúta sí àárín rẹ̀ kí ẹyẹ lè bà lé e. Ẹ da omi náà nù, kí ẹ fọ àwo náà, kí ẹ tún bu tuntun sí i ní ọjọ́ méjì-méjì. Kí nìdí? Ẹ̀fọn máa ń yé ẹyin sínú omi tó dúró sójú kan. Ní bí ọ̀sẹ̀ kan sí i, ẹyin náà lè di ẹ̀fọn tó ń fò. Ẹ̀fọn ló sì ń gbé àrùn ibà kiri. Omi tí a ń dà nù kò ní bí ẹ̀fọn. Ẹ má sì jẹ́ kí adìyẹ mu nínú àwo ẹyẹ, kí àrùn má baà ran wọn.

4. Ẹ má ba ìtẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ìtẹ́ náà máa ń fi dirodiro lórí ẹ̀ka bí àpò kékeré, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Koríko àti òwú aláǹtakùn ni ó fi ń hun ún. Nígbà mìíràn, ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ló ń kọ́ ọ sí. Ẹyin rẹ̀ máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó pa. Àwọn ọmọ rẹ̀ tún ń lò tó ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó fò. Bí ẹ bá fẹ́ gé ẹ̀ka náà, ẹ ní sùúrù fún oṣù kan péré.

OÒGÙN TÍ Ń PA ẸYẸ LÈ PA ÈNÌYÀN

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ nìyí. Àwọn kan máa ń mú oògùn òwú, wọn a wọ́n ọn sí tòmátì àti ẹ̀fọ́. Oògùn náà ń pa kòkòrò, ó ń pa oyin, ó sì ń pa ẹyẹ tó bá jẹ kòkòrò olóògùn. Kò mọ ọ̀tá, kò mọ ọ̀rẹ́.

Ṣé kò lè pa ènìyàn? Ó lè pa á. Ní àkókò òwú ọdún 1999 sí 2000, oògùn òwú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ endosulfan pa ènìyàn ní agbègbè Borgou, ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin. Ìjọba ka òkú 37, ó kéré tán. Ní 2011, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò pé kí wọ́n mú oògùn náà kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn mìíràn ṣì wà lọ́jà tó lágbára. Nítorí náà:

— Ẹ má fi oògùn òwú sí ohun jíjẹ láé.
— Ẹ má fi agolo oògùn bu omi mímu tàbí epo, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.
— Ẹ má wọ́n oògùn kankan sí òdòdó tó ti là.

Kí la lè lò dípò rẹ̀? Ẹ wá hóró nímù, tí àwọn kan ń pè ní dóńgóyárò. Kí ó gbẹ, kí ó má bu. Ẹ bó o, kí ẹ wọn 500 gíráàmù, kí ẹ gún un. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 10 di ọjọ́ kejì. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i. Ẹ wọ́n ọn sí ewé ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹyẹ àti oyin bá ti lọ sùn. Ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Ẹ sì fọ ẹ̀fọ́ dáadáa kí ẹ tó sè é.

Ẹ KÍYÈ SÍ ÀFÒMỌ́

Ẹyẹ olódòdó fẹ́ràn òdòdó àfòmọ́. Àfòmọ́ kan wà tí ẹnu ẹyẹ yìí ló ń ṣí òdòdó rẹ̀. Ṣùgbọ́n àfòmọ́ ń fa omi ara igi emi, ọsàn àti kòkó. Bó bá wà lórí igi eléso yín, ẹ gé e pẹ̀lú ẹ̀ka tó lẹ̀ mọ́. Ẹ má ro ti ẹyẹ. Akòko yóò fún un ní omi mu.

Ìyá àgbà inú ìtàn wa kò ra nǹkan kan. Ó sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé kó sọ rọ́bà sílẹ̀, ó sì jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Àwa náà lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ẹ JẸ́ KÁ JÍRÒRÒ

1. Kí ni ẹ ń pe ẹyẹ olódòdó ní ìlú yín?
2. Igi wo nínú ọgbà yín ni ó máa ń bà lé?
3. Kí nìdí tó fi yẹ ká da omi inú àwo ẹyẹ nù ní ọjọ́ méjì-méjì?
4. Níbo ni ẹ ń tọ́jú oògùn oko sí nílé yín? Ṣé ọmọdé lè dé ibẹ̀?