Èéfín Dúdú ní Port Harcourt: Ohun Tí Ìwé Àkọsílẹ̀ Yín Lè Sọ fún Ìjọba

Ní ìparí ọdún 2016, àwọn ará Port Harcourt, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Rivers, bẹ̀rẹ̀ sí rí ohun tí wọn kò rí rí. Bí wọ́n bá jí ní òwúrọ̀, ìdọ̀tí dúdú a ti bo ilẹ̀ yàrá, ọkọ̀ àti aṣọ tí wọ́n sá síta. Bí wọ́n bá fi aṣọ funfun nu imú ọmọ, aṣọ náà a di dúdú. Ohun tí ó ń bo ilé ni ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró pẹ̀lú. Láti ìgbà náà, èéfín yìí a máa dínkù, a sì tún máa padà. Ẹ̀yin olùtọ́jú àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera ni a kọ àlàyé yìí fún.

Kí ni ó ń fa èéfín náà?

Ohun tí ó ń fà á ju ẹyọ kan lọ. Àwọn kan ń fọ epo rọ̀bì nínú igbó àti ní etí odò láìgba àṣẹ. Wọ́n a da epo náà sínú agbada irin ńlá, wọ́n a sì dáná sí i nídìí títí kẹrosíìnì àti dísẹ́ẹ̀lì yóò fi jáde. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, wọ́n a jó o tàbí kí wọ́n dà á sílẹ̀. Bí àwọn agbófinró bá sì rí irú ibẹ̀, iná ni wọ́n sábà máa ń sọ sí i, èéfín a sì tún pọ̀ sí i. Gáàsì tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo ń jó, táyà àti pàǹtírí tí a ń sun, àti jẹnẹrétọ̀ inú ilé náà ń dá kún un.

Kí ni ó ń ṣe fún ara?

Ìdọ̀tí tí ojú ń rí kọ́ ni ó léwu jù. Nínú èéfín ni àwọn ẹ̀rún kan wà tí wọ́n kéré ju irun orí lọ ní ìlọ́po ọgbọ̀n. Wọ́n a gba inú ẹ̀dọ̀fóró wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2021 ni pé ìwọ̀n wọn láàárín ọdún kan kò gbọ́dọ̀ ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan. Wọ́n máa ń dá kún òtútù àyà lára ọmọdé, wọ́n ń mú kí ásímà le sí i, wọ́n sì lè fa àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ tí aboyún tí ń fa irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ símú bá bí lè kéré ju bí ó ti yẹ lọ.

Kí ni ìdí tí èrò kò fi ṣọ̀kan?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn ará ìlú tú jáde láti bẹ ìjọba pé kí ó fòpin sí èéfín náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, gómìnà ìpínlẹ̀ náà pàṣẹ pé kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ wá ibi tí wọ́n ti ń fọ epo náà rí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kan sọ pé iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ àwọn ni, nítorí kò sí iṣẹ́ mìíràn. Ní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé òun yóò fi ilé ìfọpo kéékèèké fà wọ́n wọ inú iṣẹ́ tí ó bá òfin mu. Àwọn Yorùbá ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà ń pa àwọn tí ń ṣe é: ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2022, iná sọ ní ibi ìfọpo kan ní Abaezi, ní Ìpínlẹ̀ Imo, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún.

Nítorí náà, ẹ má ṣe bá òbí ọmọ tí ó ń ṣàìsàn wí bí ẹ bá gbọ́ pé iṣẹ́ yìí ni ó ń ṣe. Bí ẹ̀rù bá bà á, kò ní gbé ọmọ náà wá mọ́.

Kí ni kí ẹ ṣe fún ọmọ?

- Bí èéfín bá pọ̀, ẹ fi ọmọ sínú ilé, kí ẹ sì ti fèrèsé. Ẹ má ṣe dáná igi tàbí tan jẹnẹrétọ̀ nítòsí ibẹ̀.
- Ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀. Ìgbálẹ̀ a máa gbé ìdọ̀tí náà dìde.
- Aṣọ tí a fi bo imú kì í dá ẹ̀rún kéékèèké dúró.
- Kí oògùn ọmọ tí ó ní ásímà má ṣe tán nílé.
- Nígbà tí ọmọ kò sunkún, ẹ ka mímí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ó bá tó 60 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, tàbí 50 fún ọmọ oṣù 2 sí oṣù 11, tàbí 40 fún ọmọ ọdún 1 sí 5, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.
- Bí àyà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tí ó bá ń mí, tí kò lè mu ọmú tàbí omi, tí gìrì mú un, tàbí tí ó ń sùn ṣáá tí kò ṣeé jí, ẹ má ṣe dúró rárá.

Báwo ni ìjọba yóò ṣe gbọ́?

Ẹni tí ń ta epo lè sọ tẹnu rẹ̀, gómìnà náà lè sọ tirẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́fà tí kò lè mí dáadáa kò lè lọ sí ìpàdé. Ìwé àkọsílẹ̀ yín ni yóò sọ̀rọ̀ fún un. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, bí ẹ bá tọ́jú ẹni tí kò lè mí dáadáa, ẹ kọ ọjọ́, ọjọ́ orí, àdúgbò, ohun tí wọ́n fi ń dáná nílé, àti bóyá ẹnikẹ́ni ń mu sìgá níbẹ̀. Láìsí èyí, ẹnikẹ́ni lè sọ pé iná ìdáná ni ó fa gbogbo rẹ̀.

Ní ìparí oṣù, ẹ ṣírò iye wọn ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan láìdárúkọ aláìsàn kankan. Ẹ mú un lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì: kí ni a ó ṣe sí epo tí a bá gbà láìsun ún? Iṣẹ́ wo ni a ó fún àwọn tí ń fọ̀ ọ́? Bí pàǹtírí tàbí jẹnẹrétọ̀ ni ó ń fa èéfín ní àdúgbò tiyín, irú àkọsílẹ̀ kan náà ni ẹ ó lò.