Orúkọ Méjì, Oògùn Kan



Ọmọ a máa ní orúkọ àbísọ, a sì tún máa ní ìnagijẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn òyìnbó rí. Paracetamol ni orúkọ oògùn kan gan-an, ilé-iṣẹ́ yòówù tí ì báà ṣe é. Panadol ni orúkọ tí ilé-iṣẹ́ kan fi ń ta tirẹ̀. Bí ọmọ yín bá fi Tylenol ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, acetaminophen ni ẹ ó rí lára ìgò rẹ̀. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Kí ni ewu ibẹ̀? Orí ń fọ́ ìyá kan, ó lo hóró Panadol méjì. Kò pẹ́, ó tún lo oògùn ọ̀fìnkìn tí paracetamol wà nínú rẹ̀. Ó rò pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni òun lo oògùn kan ṣoṣo. Bí hóró kan bá jẹ́ mílígíráàmù 500, àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lò ju hóró 8 lọ láàárín wákàtí 24. Ti ọmọdé kéré sí i púpọ̀. Àlòjù rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ènìyàn kì í sì í tètè mọ̀ ọ́n lára.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé oògùn mì, ẹ wá orúkọ kékeré tí ó wà lára páálí. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó bi apòògùn léèrè: “Kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an?” Ìbéèrè kò ná wa lówó.