Bí Tátùú Tuntun Ṣe Ń Jinná, àti Ohun Tó Yẹ Ká Fi Fọ̀ Ọ́

Oṣù Kejìlá ni àwọn ọmọ Okun, ìyẹn àwọn Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, máa ń rọ́ wálé. Láti Àbújá, Èkó, Ìlọrin àti Lọ́kọ́jà ni wọ́n ti ń wọkọ̀ wá sí Kábà, Ìyárá, Mọ̀pà àti Ìsánlú kí wọ́n lè bá ẹbí ṣe Kérésì. Àwọn ọ̀dọ́ kan á ti fín tátùú sápá tàbí sáyà kí wọ́n tó kúrò nílùú ńlá. Ẹni tó fín in á fi láílọ́ọ̀nù wé e, á ní kí wọ́n máa fọ̀ ọ́, ó parí. Ọ̀nà Obajana, níbi tí ọkọ̀ símẹ́ńtì ti ń tú eruku, ni àwọn kan á gbà délé, ọyẹ́ á sì ti mú. Tátùú tí wọ́n fín lọ́nà tó mọ́ lè wá bà jẹ́ nílé nítorí omi, ọṣẹ tàbí ìpara tí a fi tọ́jú rẹ̀.

Ọgbẹ́ ni tátùú. Ẹni tó bá kà á sí àwòrán lásán kò ní tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìpele awọ tó wà lókè pátápátá fẹ́lẹ́, ó ń kú, ó ń bó dànù, tuntun sì ń rọ́pò rẹ̀ láàárín nǹkan bí oṣù kan. Bí íǹkì bá dúró síbẹ̀, yóò bá a bó lọ. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ tátùú fi ń kọjá ibẹ̀ wọ awọ ìsàlẹ̀, bíi mìlímítà kan sí méjì. Ara á rí íǹkì náà bí àjèjì, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé àjèjì mì á sì ya bò ó. Wọ́n á gbé e mì, ṣùgbọ́n wọn kò ní lè dà á. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Marseille nílẹ̀ Faransé, tí Anna Baranska jẹ́ ọ̀kan lára wọn, fi eku ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé bí sẹ́ẹ̀lì tó gbé íǹkì mì bá kú, íǹkì á tú jáde, sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó wà nítòsí á sì tún gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ṣe ń bá èèyàn dọjọ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n ihò tí abẹ́rẹ́ gbà wọlé, kòkòrò àrùn náà lè gba ibẹ̀ wọlé títí awọ òkè yóò fi padà dí.

Ara fínfín kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàpèjúwe ilà àwọn Yàgbà, tí wọ́n jẹ́ ọ̀kan lára ẹ̀yà Okun: mẹ́ta gbọọrọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó jìnnà síra lápá etí, tó wá pàdé létí ẹnu. Àwọn àgbàlagbà kan ṣì wà tó gbé ilà yìí lójú. Yàtọ̀ sí ilà ojú, kóló wà, ìyẹn fínfín wẹ́wẹ́ tí olóólà ń fi abẹ kékeré gé sára obìnrin fún ẹwà, tí wọ́n á fi ohun dúdú ra á kó lè hàn. Henry Drewal, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1988. Ẹni tí kò fẹ́ kí abẹ kan òun, bùjé ni yóò kọ: omi èso igi tó ń dú lára fún bí ọjọ́ mélòó kan, tí yóò sì ṣí.

Ohun tí mo ń wò nínú iṣẹ́ olóólà ni pé ìtọ́jú ọgbẹ́ wà lára iṣẹ́ náà. Wọ́n mọ̀ pé abẹ nìkan kọ́ ló ń ṣe ilà. Omi ìgbín ni wọ́n ń kán sí i kó lè tutù, wọ́n sì ń fi ìpara rọ̀ ọ́. Ojú tí wọ́n fi wò ó ló yẹ ká mú, kì í ṣe omi ìgbín fúnra rẹ̀, nítorí ìgbín tútù lè gbé bakitéríà wọnú ọgbẹ́. Abẹ kan náà tó ń ti ara ọmọ kan bọ́ sí ti ìkejì sì léwu, ká má tàn ara wa. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ti ka ilà kíkọ àti tátùú fún ọmọdé léèwọ̀, Ìpínlẹ̀ Kogí náà sì ti sọ ọ́ di òfin tirẹ̀.

Ó wá kan fífọ̀. Ọwọ́ la ó kọ́kọ́ fọ̀, kí á tó ṣí ohun tí wọ́n fi wé e. Láílọ́ọ̀nù tí a fi ń wé oúnjẹ kò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀ ju wákàtí díẹ̀ tí ẹni tó fín in dá lọ, nítorí ooru àti òógùn á kóra jọ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọgbẹ́, tó ń lẹ̀ mọ́ ara. Òun lè lo ọjọ́ mélòó kan. Bó bá gan mọ́ ara, ẹ má fà á ya, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rọ̀ ọ́.

Omi ni kí á ṣọ́ jù. Omi kànga tàbí èyí tó ti sùn nínú ọ̀rá fún ọjọ́ mẹ́ta lè mọ́ lójú, kó má mọ́ rárá. Ẹ sè é kó hó, ẹ bò ó títí yóò fi lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ fi ife tó mọ́ bù ú, ẹ máa dà á sórí tátùú náà. Ẹ má tẹ apá bọnú abọ́. Ọṣẹ tí kò le, tí kò ní òórùn dídùn, ló yẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá nílẹ̀ Okun gba ọṣẹ dúdú gbọ́, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìwẹ̀, ṣùgbọ́n omi eérú tí wọ́n fi ń sè é mú kó le jù fún awọ tó ṣí sílẹ̀, yóò ta á. Ọwọ́ lásán la fi ń fọ̀ ọ́, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kànrìnkànrìn kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sí ìkẹta, omi ara àti íǹkì díẹ̀ á máa ṣàn jáde. Kí ó má já yín láyà. Bẹ́ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ fi tíṣù tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má nù ún. Táwẹ́ẹ̀lì tí gbogbo ilé ń lò kọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ tó, àfi bí òógùn tàbí eruku bá tún bò ó.

Lẹ́yìn náà ni ìpara, tó fẹ́lẹ́ débi pé ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ní Amẹ́ríkà ní kí á lo ìpara tí omi pọ̀ nínú rẹ̀, kí á yẹra fún fasilíìnì àtàwọn ẹbí rẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ kí íǹkì ṣá. Nínú ọyẹ́, tí ètè pàápàá ń là, èèyàn lè ní láti pa á lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín ọ̀sán.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ fi sí i pọ̀, ó sì dùn mí pé àwọn gan-an ló wà nítòsí jù. Spirit àti Dettol ń jó awọ tuntun tó fẹ́ hù. Kápúsù pupa-àti-yẹ́lò tí a ń tú dà sí ojú ọgbẹ́ ńkọ́? Ẹnu la ṣe é fún, bí dókítà bá sì ní ká lò ó ni. Lójú ọgbẹ́, ó lè mú kí ara kọ oògùn náà. Èyí tó burú jù lójú mi ni ìpara tí wọ́n fi sìtẹ́rọ́ọ̀dù sí, pàápàá jù lọ ìpara ìbóra. Sìtẹ́rọ́ọ̀dù ń dín pípọ́n àti yíyún kù, nítorí náà ẹni tó ń lò ó á rò pé ó ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ó ń fa ìjinná ọgbẹ́ sẹ́yìn, ó sì ń sọ awọ di aláìlágbára níwájú kòkòrò àrùn.

Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ kan, yóò máa yún un, èépá wẹ́wẹ́ á máa hó. Kí á má họ ọ́, kí á má ṣí i. Èépá tí a bá fagbára ṣí lè fa íǹkì jáde. Ẹ fọwọ́ tó mọ́ gbá a pẹ́pẹ́. Awọ òkè á jinná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ti ìsàlẹ̀ á gba oṣù mélòó kan. Títí èépá yóò fi tán, kò sí wíwẹ̀ lódò, kò sì sí oko tí ilẹ̀ ti ń kan án, nítorí kòkòrò tó ń fa àrùn ipá, èyí tó ń dì wá lágbọ̀n, inú ilẹ̀ ló ń gbé. Ní 2017, àwọn dókítà ní Texas kọ̀wé nípa ọkùnrin kan tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, tó wẹ̀ lókun lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún tó fín tátùú. Bakitéríà inú omi náà ló pa á. Ní ti oòrùn, aṣọ ni kí á fi bò ó. Ìpara SPF 30 di ìgbà tó bá jinná.

Àwa aláwọ̀ dúdú ní ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ìwé òyìnbó ń sáré kọjá: àpá tó ń wú ju ojú ọgbẹ́ lọ, tí àwọn dókítà ń pè ní kẹ́lọ́ọ̀dì. Ó lè má yọjú títí oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ọgbẹ́ ti jinná. Àyà, èjìká, àgbọ̀n àti etí ló fẹ́ràn jù. Ní 1973, dókítà kan tó ń jẹ́ Omo-Dare kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà pé àwọn Yorùbá ti mọ irú àpá yìí tipẹ́tipẹ́ kí àwọn dókítà Yúróòpù tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí etí lílu tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wú sí lára rí, tàbí tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ní in, kó má fín àyà àti èjìká. Ìmọ̀ràn tèmi gan-an ni pé kó má fín rárá. Bó bá ti wú, kí ẹnikẹ́ni má gé e kúrò lásán, torí ó sábà máa ń padà wá tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí dókítà ń gún sínú àpá náà ló ń mú un rọlẹ̀.

Àrùn mẹ́dọ̀wú kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú fífọ̀, abẹ́rẹ́ ló ń gbé e wá. Ìwádìí ìjọba tí wọ́n ṣe ní 2018 fi hàn pé ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹni ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà ló ní irú rẹ̀ tí a ń pè ní B, kòkòrò rẹ̀ sì lè wà láàyè lóde ara fún ọjọ́ méje. Abẹ́rẹ́ tuntun tí wọ́n ṣí lójú yín, àti àjẹsára kí ẹ tó lọ: nǹkan méjèèjì ló yẹ.

Ibi tó bá pọ́n tó ń tàn ká, tí ó gbóná, tí ó ń ṣọyún, tàbí tí ibà bá a wá, ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n irú àkóràn kan wà tí kì í pariwo. Láàárín 2011 sí 2012, èèyàn 19 ní Rochester ní Amẹ́ríkà ní kókó pupa wẹ́wẹ́ lójú tátùú wọn, ní ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n fín in. Inú íǹkì aláwọ̀ eérú ni bakitéríà tó fà á wà kó tó dọ́wọ́ ẹni tó fín in, oògùn apakòkòrò tí a sábà ń lò kò sì ràn án. Nítorí náà, ẹni tó bá rí kókó bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ pé ibi tí àwọ̀ kan wà nìkan ló ń wú, kó sọ fún dókítà ní Kábà tàbí Lọ́kọ́jà ọjọ́ tó fín in, ibi tó ti fín in àti àwọ̀ tí wọ́n lò, kó sì béèrè pé kí wọ́n gé bíńtín nínú awọ náà lọ yẹ̀ wò kí wọ́n tó kọ oògùn fún un.