Èdè Sípéènì fún ẹni tó ń tọpa ẹjọ́ tó fi sun ilé-iṣẹ́

Ẹni tó ń gbé ilẹ̀ Sípéènì lè gbọ́ èdè wọn dé ibi pé ó ń bá aládùúgbò rẹ̀ ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù bá yọ owó tí kò tọ́ nínú àsùnwọ̀n rẹ̀ ní báńkì, tó ti fi ẹjọ́ sùn, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì kọjá láìgbọ́ nǹkan kan, ahọ́n rẹ̀ lè wúwo lójijì. Gbólóhùn díẹ̀ ló nílò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín queja àti reclamación. Ẹni tó ṣe queja kàn sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ ni. Ẹni tó ṣe reclamación ń béèrè ohun kan, bóyá kí wọ́n dá owó padà, èyí tí wọ́n ń pè ní devolución. Èyí ni ẹ ó máa tọpa rẹ̀.

Bí ẹ bá pè wọ́n, ẹ ní: Llamo por una reclamación que puse el día 5 de marzo. Ìyẹn ni pé, nítorí ẹjọ́ tí ẹ fi sùn ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta lẹ ṣe pè. Ẹ ka número de reclamación, nọ́ńbà ẹjọ́ náà, fún wọn, kí ẹ sì béèrè pé: ¿Me puede decir en qué estado está? Ibo lọ́rọ̀ náà dé dúró?

Ẹ kíyè sí puede yẹn. Bíi tiwa ni tiwọn: usted wà fún ẹni tí à ń bọ̀wọ̀ fún, tú sì wà fún ẹgbẹ́ ẹni. Usted ló ni puede, tú ló ni puedes. Àmọ́ ọ̀dọ́ tó gbé fóònù lè máa pe àgbàlagbà ní tú. Ẹ má kà á sí àrífín, báyìí ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ máa lo usted tiyín lọ.

Ìdáhùn wọn ló yẹ kí ẹ tẹ́tí sí jù. En trámite: wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Cerrada: wọ́n ti pa ìwé ẹjọ́ náà dé, èyí kò sì sọ pé wọ́n dá yín láre. Estimada ni àre. Desestimada, wọn kò gbà. Estimada yìí kan náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí obìnrin, bí ìgbà tí a bá kọ "Ìyá wa ọ̀wọ́n." Kí ẹni tó rí i lókè lẹ́tà má tíì jó o. Kó kà á dé ìsàlẹ̀ ná.

Bí wọ́n bá ní le llamamos, "a ó pè yín", ẹ béèrè ọjọ́: ¿Qué día? Ẹ fi kún un pé: Quiero la respuesta por escrito, por favor. Orí ìwé lẹ ti fẹ́ ìdáhùn.

Ti ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ rọrùn díẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ní hoja de reclamaciones, ìwé ìfẹjọ́sùn, nílẹ̀. Óhà ni ẹ ó pe hoja. H rẹ̀ kì í dún. Ẹ̀dà kan jẹ́ tiyín, ẹ má fi sílẹ̀ fún wọn.

Bí gbogbo rẹ̀ bá já sí pàbó, ọ̀pọ̀ ìlú ló ní OMIC, ìyẹn Oficina Municipal de Información al Consumidor, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oníbàárà. Ẹ sọ fún wọn pé: La empresa no me ha contestado, ilé-iṣẹ́ náà kò dá mi lóhùn. Wọn kì í gba owó. Wọ́n lè làjà, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi tipátipá gba owó náà fún yín. Ẹ kó ẹ̀dà gbogbo ìwé yín dání, àti àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí ẹ pè.